Ṣé hámà àti kọ̀ǹpútà lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà ní Ṣàngótẹ̀dó?

Obìnrin kan tó ń gbé ní London ló kọ̀wé sí mi, mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ọkọ mi ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Ẹni tó tà á fún wa ti bẹ̀rẹ̀ ilé sórí ẹ̀ kó tó di pé owó tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun ri páìlì (òpó kọnkéré inú ilẹ̀) mítà 18 síbẹ̀, òun sì ti da bíìmù lé e lórí, àmọ́ kò ní ìwé kankan tó lè fi hàn wá. Ilé alájà méjì la fẹ́ kọ́. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti ń tẹ̀ sápá kan, ìyẹn ló kó mi láyà sókè, torí gbogbo ìgbà là ń gbọ́ pé ilé wó l'Ékòó. Àbúrò mi wá rí àwọn kan tí wọ́n ní àwọn máa fi hámà lu ilẹ̀, kọ̀ǹpútà á ya fọ́tò abẹ́ ilẹ̀ títí dé mítà 30, wọ́n ní táwọn bá ti ṣe é a ò nílò soil test mọ́, àwọn á sì tún bá wa wo páìlì yẹn pẹ̀lú. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé lílù yẹn ò ní ba ilé aládùúgbò jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là wá lọ́yẹ̀, owó tó kù lọ́wọ́ wa ò pọ̀."

Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àìfararọ. Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè fọkàn balẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n júwe fún àbúrò yín yẹn, iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe gbájúẹ̀, òun gan-an lèmi náà fi ń jẹun, seismic là ń pè é. Tó bá bọ́ síbi tó yẹ ẹ́, tó sì jẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe é, ó máa ń sọ ohun tí èèyàn ò bá má mọ̀ àfi tó bá gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ yẹn. Àmọ́ ìlérí méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, pé ẹ ò nílò soil test mọ́ (ìyẹn gbígbẹ́ ihò kí wọ́n mú ilẹ̀ inú ẹ̀ jáde yẹ̀ wò), àti pé àwọn máa rí ilẹ̀ dé mítà 30 lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, mi ò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú ẹ̀, pàápàá ní Ṣàngótẹ̀dó. Ẹ tún wò ó, ìbéèrè méjì lẹ pa pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan ni pé irú ilẹ̀ wo ló wà nísàlẹ̀, ṣé ó lè gbé ilé. Ìkejì ni pé páìlì tí ẹni yẹn ní òun rì, ṣé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, báwo ló ṣe jìn tó, ṣé ó pé pérépéré. Irinṣẹ́ tó ń dáhùn ìkíní kọ́ ló ń dáhùn ìkejì, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó tí wọn ò rídìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àwọn ohun tó lọ́ mọ́ra wọn ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ seismic, ọkàn wọn á lọ sí ìmìtìtì ilẹ̀. Lóòótọ́ ibẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ti wá. Lọ́dún 1909 ilẹ̀ mì ní Croatia, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Andrija Mohorovičić wá wo àkókò tí ìgbì yẹn fi dé oríṣiríṣi ibi tí ẹ̀rọ wà, ó rí i pé ní àwọn ibi tó jìnnà, ìgbì kan máa ń yára dé ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ó gba ibi tó le gan-an nísàlẹ̀ kọjá. Àwọn elépo náà fi irú ọgbọ́n yìí wá epo káàkiri ayé, títí kan Niger Delta tiwa. Àmọ́ kìlómítà lọ sísàlẹ̀ làwọn yẹn ń wò, wọ́n a sì máa lo ẹ̀tù. Tiwa tá a fi ń wo ìpìlẹ̀ ilé, ìwọ̀n mítà díẹ̀ ni, hámà kìlógíráàmù bíi 8 tí ẹnì kan lè gbé sókè la fi ń ṣe é. Típà tó gbé iyanrìn kọjá níwájú ilé aládùúgbò yín ń mi ilé yẹn ju hámà yẹn lọ, nítorí náà ẹ gbé ẹ̀rù yẹn sílẹ̀. Ohun tó lè ṣe ilé aládùúgbò ní nǹkan ni páìlì tuntun tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gbá wọlẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bá ẹnjiníà yín sọ tó bá dé orí ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ àwọn tó ń wá omi borehole dí yín lójú. Àwọn yẹn máa ń gbá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn, wọ́n á rán iná sínú ilẹ̀. Ó wúlò gan-an fún wíwá omi, àmọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń gba iná kọjá ló ń sọ, kì í sọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Tó bá jẹ́ bátìrì àti irin mẹ́rin ni wọ́n gbé dé, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n sọ kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ rèé. Wọ́n á ta okùn wáyà gígùn kan sílẹ̀, wọ́n á so nǹkan kékeré kan tó ń jẹ́ geophone mọ́ ọn ní àlàfo kan náà, 24 ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìkúùkù lọ, ó ní ìṣó nídìí tí wọ́n fi máa gún ilẹ̀. Òòfà àti wáyà tí wọ́n wé ló wà nínú ẹ̀, tí ilẹ̀ bá mì báyìí, bó ti wù kó kéré tó, iná tín-ín-rín á jáde, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á wá gbé irin pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ ní ìkángun okùn, wọ́n á la hámà mọ́ ọn, àkókò á bẹ̀rẹ̀ sí kà látìgbà tí hámà ti kan irin. Wọ́n á tún lù ú lójú kan náà lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ìró tòótọ́ lè pọ̀ sí i kí ariwo sì dínkù, torí pé ẹni tó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, tírélà lórí ẹsipírẹ́ẹ̀sì, gbogbo ẹ̀ ni geophone ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí ni iṣẹ́ yìí máa ń dùn ún ṣe l'Ékòó. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ yẹn kó jọ náà nìyẹn: bí ilẹ̀ ṣe mì níwájú geophone kọ̀ọ̀kan, àti ìgbà tó mì. Kò sí fọ́tò kankan níbẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ pupa àti búlúù tí wọ́n máa fi hàn yín lẹ́yìn náà, ìṣirò ló gbé e jáde, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ló sì yan iye ìpele tó wà nínú ẹ̀ àti ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ohun kan náà lé ẹni méjì tó mọṣẹ́ lọ́wọ́, àwòrán wọn lè jọra, àmọ́ kò ní rí bákan náà.

Ọ̀nà tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí ni refraction. Ẹ wò ó báyìí: ẹni méjì jọ gbéra nílé kan ládùúgbò yín, wọ́n ń lọ sílé míì. Ọ̀kan gba inú àdúgbò tààrà, ó ń bọ́ sí kòtò, ó ń jáde. Ìkejì kọ́kọ́ jáde sí ẹsipírẹ́ẹ̀sì, ó wa ọkọ̀ dáadáa, ó tún yà wọlé. Tílé yẹn bá wà nítòsí, ẹni tó gba inú àdúgbò ló máa kọ́kọ́ dé. Tó bá jìnnà, ẹni tó gba ẹsipírẹ́ẹ̀sì ló máa dé ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rin jù. Bí ìró hámà ṣe ń ṣe náà nìyẹn, ọ̀kan gba òkè ilẹ̀ tó rọ̀, ọ̀kan bọ́ sísàlẹ̀ sínú èyí tó le, ó sáré gba ibẹ̀, ó padà sókè. Ibi tí ti ìsàlẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣáájú lórí okùn yẹn la fi ń mọ bí ilẹ̀ líle ṣe jìn tó.

Eré tí ìró ń sá la wá fi ń dá ilẹ̀ mọ̀. Nínú iyanrìn gbígbẹ tí kò kì, nǹkan bíi mítà 300 sí 500 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àpáta líle tí kò tíì jẹrà, ó lè tó 5,000. Nínú omi lásán, nǹkan bíi 1,500. Ẹ fi 1,500 yẹn sọ́kàn, òun ni wàhálà Ṣàngótẹ̀dó. Ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, irà ni wọ́n da iyanrìn sí, ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kẹ́ ẹ tó kan omi. Látibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ì báà jẹ́ iyanrìn tó kì dáadáa, ì báà jẹ́ amọ̀ rírọ̀, ì báà jẹ́ ilẹ̀ dúdú tí ewé àti gbòǹgbò jẹrà sí, nǹkan bíi 1,500 yẹn náà ni ìró máa ń sá tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ, torí pé omi tó kún inú wọn ló ń gbé e. Ilẹ̀ tó lè gbé ilé alájà mẹ́ta àti ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ èèyàn máa rì wọ̀, nọ́ńbà tó jọra ni wọ́n máa mú jáde. Rípọ́ọ̀tù á wá dé, àwòrán á dán, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti mítà méjì lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ti le, onílé á fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ni wọ́n wọ̀n, wọn ò wọn ilẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí mo ti ka irú rípọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, owó gidi sì ni àwọn èèyàn san lórí ẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Refraction fẹ́ kí ilẹ̀ máa le sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Tí ilẹ̀ rírọ̀ bá wà lábẹ́ èyí tó le jù ú lọ, ìró kì í padà wá sókè látinú ẹ̀, ẹ̀rọ ò sì ní mọ̀ pé nǹkankan wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ilẹ̀ tiyín, iyanrìn tí katapílà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lókè, irà àtijọ́ lábẹ́ ẹ̀. Ohun tí refraction ò lè rí gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gígùn tún wà níbẹ̀: okùn geophone gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ibi tẹ́ ẹ fẹ́ rí nísàlẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan l'Ékòó, ẹsẹ̀ 60 ní fífẹ̀, 120 ní gígùn, nǹkan bíi mítà 18 sí mítà 36 nìyẹn. Okùn mítà 36 ò lè fún yín ju nǹkan bíi mítà 7 sí 9 lọ. Kẹ́ ẹ tó rí mítà 30, okùn yẹn gbọ́dọ̀ tó mítà 120 sí 150, á gba àgbàlá ẹlòmíì kọjá bọ́ sí títì. Ẹ ní kí àbúrò yín bi wọ́n pé níbo gan-an ni wọ́n fẹ́ ta okùn wọn sí.

Mi ò sọ pé kò sọ́nà o. Ìgbì míì wà, èyí tó ń mi ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń lọ. Omi ò lè gbé irú ìgbì yẹn, ara ilẹ̀ gan-an ló ń gbé e, nítorí náà omi ò lè fi í tàn wá. Lọ́dún 1999 àwọn onímọ̀ kan ní Kansas Geological Survey ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tó ń jẹ́ MASW, òun ló gbòde báyìí. Hámà àti geophone náà ni, àmọ́ wọn kì í dúró lórí ìró tó kọ́kọ́ dé, ìgbì tó ń gba ojú ilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìgbì tó gùn máa ń kan ilẹ̀ tó jìn, èyí tó kúrú ò kọjá òkè, tí wọ́n bá wo bí eré wọn ṣe yàtọ̀ síra, wọ́n lè ṣírò eré ìgbì sọ́tùn-ún sósì yẹn, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe le sí, láti òkè lọ sísàlẹ̀. Nínú ìlànà ilé kíkọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un pín, tí ìpíndọ́gba eré ìgbì sọ́tùn-ún sósì yìí nínú mítà 30 òkè bá kéré sí mítà 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ilẹ̀ rírọ̀ ni wọ́n kà á sí, 180 sí 360 ti le díẹ̀, tó bá kọjá 760 àpáta nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ará ibí yìí ti mú mítà 30 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀. MASW lè rí ilẹ̀ rírọ̀ tó sápamọ́ sábẹ́ líle, tèmi bá máa lu ilẹ̀ yín, òun ni mo máa lò. Àmọ́ òun náà ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ: ó sábà máa ń rí nǹkan bí ìdajì gígùn okùn, mítà 36 yín á fún yín ní mítà 18 tí nǹkan bá lọ dáadáa, bó sì ṣe ń jìn sí i lojú ẹ̀ ń ṣú sí i. Ilẹ̀ dúdú tó nípọn tó mítà mẹ́ta lókè, ó máa rí i. Èyí tí kò ju ìdajì mítà lọ ní mítà 12 sísàlẹ̀, kò lè rí i, bẹ́ẹ̀ ìyẹn náà lè mú ilé rì. Ìṣirò ẹ̀ náà kì í ní ìdáhùn kan ṣoṣo, oríṣiríṣi ilẹ̀ lè mú ìlà kan náà jáde, ohun tó sì ń jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ ni ihò tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n mú ilẹ̀ inú ẹ̀ jáde tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ìdí tí mi ò fi lè gbà pé ó lè rọ́pò soil test nìyẹn. Àárín ihò kan sí ìkejì ni àyè ẹ̀ wà, láti sọ fún wa bóyá ohun tá a rí níbí yìí náà ló gùn dé ọ̀hún.

Ká ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lẹ ra ilẹ̀ sí ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀ pátápátá. Orí àpáta ni àwọn ìlú yẹn wà, àpáta yẹn sì jẹrà lọ́nà tí kò dọ́gba, ó lè yọ sókè ní igun kan pulọ́ọ̀tì kó rì lọ sísàlẹ̀ gan-an ní igun kejì. Àwọn tó ń gbẹ́ ihò á kan òkúta ńlá kan tó dá wà nínú amọ̀, wọ́n á ní àwọn ti dé àpáta, wọ́n á kó ẹrù wọn. Níbẹ̀, okùn mítà 36 yẹn máa ń tó tí àpáta ò bá jìn ju mítà 7 sí 9 tí mo sọ yẹn lọ, amọ̀ pupa àti àpáta yàtọ̀ síra gan-an nínú eré ìró, refraction á sì fi bí ojú àpáta ṣe ń lọ sókè sódò hàn yín láti ìkángun dé ìkángun. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rọ onílé pé kó ná owó yẹn kó tó gbẹ́ ihò kankan, kó lè mọ ibi tó yẹ kó gbẹ́ ẹ sí.

Ó wá ku páìlì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe l'Ékòó ni pé wọ́n á lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ orí páìlì, wọ́n á fi hámà ọwọ́ kékeré gbá a. Ìró á gba inú kọnkéré lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú eré bíi mítà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá dé ìdí páìlì á padà wá. Páìlì mítà 18, àlọ àtàbọ̀ mítà 36, ìró yẹ kó padà ní ìdá 9 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá padà ní ìdá 5, a jẹ́ pé ohun tó dá a padà wà ní mítà 10, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni páìlì pin sí, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kán, àwọn méjèèjì máa ń dún bákan náà. Tí páìlì bá tún gùn ju nǹkan bí ìlọ́po 30 fífẹ̀ ẹ̀ lọ, ìró lè rẹ̀ sílẹ̀ kó tó padà dé, òótọ́ ni pé nínú amọ̀ rírọ̀ ó lè lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìlì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó wá gùn ní mítà 18, ìlọ́po 60 nìyẹn. Olórí ìṣòro tiyín sì ni pé wọ́n ti da bíìmù lé wọn lórí, ìró tẹ́ ẹ bá gbá á pín káàkiri inú bíìmù, á máa padà láti ibi gbogbo, ohun tí ẹ̀rọ máa kọ kò ní ṣeé kà dáadáa. Nítorí náà tí wọ́n bá ní àwọn kàn máa gbá orí bíìmù wò, ẹ ní rárá.

Ọ̀nà tó bá ọ̀rọ̀ yín mu ni èyí tó ń jẹ́ parallel seismic. Wọ́n á gbẹ́ ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ páìlì, kó sún mọ́ ọn bíi mítà kan, kó sì jìn tó mítà 5 kọjá ibi tí wọ́n ní páìlì dé, ẹ ní 18, nítorí náà ihò á tó mítà 23. Wọ́n á ki páìpù PVC tí wọ́n dí nídìí bọ̀ ọ́, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó lè dì mọ́ ilẹ̀, wọ́n á bu omi kún un. Wọ́n á wá máa sọ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró nínú omi sísàlẹ̀, ìdajì mítà sí ìdajì mítà, ní gbogbo ibi tó bá dúró sí wọ́n á lu bíìmù lókè níbi tí páìlì yẹn wà. Níwọ̀n ìgbà tí páìlì bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, inú kọnkéré ni ìró ń gbà wá, ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan ò ní fi kún àkókò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Tí ẹ̀rọ bá ti kọjá ìdí páìlì, ilẹ̀ tó kún fómi ló kù tí ìró máa gbà, ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan á wá máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Tí wọ́n bá fà á lórí bébà, ìlà yẹn á tẹ̀ níbi kan, ibi tó ti tẹ̀ yẹn ni ìdí páìlì. Níbí yìí, 1,500 tó ń yọ wá lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ló wá ń ràn wá lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ fún yín jù ni pé ihò kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjì. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ, kí wọ́n máa mú ilẹ̀ jáde fún láàbù, kí wọ́n sì máa ṣe SPT níbẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kìlógíráàmù 63.5 tí wọ́n ń jẹ́ kó já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 76, tí wọ́n á ka iye ìgbà tó máa já bọ́ kí irin tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó ki PVC bọ̀ ọ́. Ó kàn jẹ́ pé ihò kan, páìlì kan tàbí méjì tó wà nítòsí ẹ̀ ló lè sọ̀rọ̀ lé lórí, kò lè jẹ́rìí sí gbogbo wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé seismic ti sọ iye ẹrù tí páìlì lè gbé. Kò sọ ọ́. Gígùn ló sọ. Iye ẹrù, ẹnjiníà ló máa ṣírò ẹ̀ látinú gígùn yẹn, fífẹ̀ ẹ̀ àti irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé ẹrù lé e kí wọ́n wo bó ṣe ń rì. Kò mọ iye rọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹ̀, kò mọ̀ bóyá ìpata ti jẹ ẹ́. Kò sì lè sọ bí iyanrìn tí wọ́n dà á ṣe máa pẹ́ tó kó tó rì tán, láàbù ló ń wọn ìyẹn látara amọ̀ tí wọ́n mú jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn kan páìlì yín gan-an, torí pé tí iyanrìn tuntun bá wà lórí irà, tí irà yẹn sì ń fún pọ̀, ilẹ̀ tó ń rì yẹn máa ń wọ́ páìlì mọ́ra lọ sísàlẹ̀, ẹrù tuntun nìyẹn lórí páìlì kẹ́ ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e. Ẹ ní ẹ̀ ń gbọ́ ilé tó ń wó l'Ékòó. Kì í ṣe gbogbo ilé tó wó ni ilẹ̀ fà, sìmẹ́ǹtì tí kò tó, irin tín-ín-rín àti àjà tí wọ́n ń gùn lé ara wọn lórí ìpìlẹ̀ tí wọn ò ṣe é fún wà níbẹ̀, hámà inú ilẹ̀ ò sì lè rí ìkankan nínú wọn.

Tó bá jẹ́ owó tèmi, bí mo ṣe máa ná an rèé. Lébìrà méjì pẹ̀lú ṣọ́bìrì ni mo máa kọ́kọ́ pè, kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ bíìmù níbi mẹ́ta tí kò sún mọ́ra, kí wọ́n wò ó bóyá páìlì tiẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti rí bíìmù tí kò sí páìlì kankan lábẹ́ ẹ̀. Tí kò bá sí, ọ̀rọ̀ parallel seismic ti tán nìyẹn, ẹnjiníà á máa ronú ìpìlẹ̀ míì, ó lè jẹ́ ráfùtì, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ tó gba gbogbo abẹ́ ilé, ó lè jẹ́ páìlì tuntun, ó sì lè ní kẹ́ ẹ dín àjà kù. Tó bá wà, ẹ gbẹ́ ihò méjì tó dé mítà 25 sí 30, kí ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìlì fún iṣẹ́ méjì tí mo sọ yẹn, kí ìkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé tó ń tẹ̀ yẹn. Ẹ fi Dutch cone, ìyẹn irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró tí ẹ̀rọ ń tì wọlẹ̀, kún un níbi méjì mẹ́ta, owó ẹ̀ ò wọ́n, ó sì mọ ilẹ̀ rírọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má fi òun nìkan ṣe é, torí ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 2.5 tí wọ́n ń lò káàkiri máa ń há sórí iyanrìn tó kì, a kì í sì í mọ̀ bóyá amọ̀ tún wà lábẹ́ iyanrìn yẹn. Tí ihò méjèèjì bá bára mu, ẹ tọ́jú owó hámà yẹn fún nǹkan míì. Tí wọ́n bá yàtọ̀ síra, tí irà nípọn lápá kan ju ìkejì lọ, ohun tó sì lè mú kí ilé aládùúgbò máa tẹ̀ nìyẹn, ìgbà yẹn ni MASW tó pọndandan, kí wọ́n ta okùn láti ihò kan dé ìkejì kí ẹnjiníà lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti yí padà. Ẹ tún jẹ́ kí àbúrò yín kí aládùúgbò yẹn dáadáa, kó bi í pé irú ìpìlẹ̀ wo ló ṣe, ìgbà wo ló kọ́lé, ìgbà wo ni ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá pe àwọn onísééṣímíìkì yẹn nígbẹ̀yìn, kí ẹni tó máa fọwọ́ sí rípọ́ọ̀tù jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG, àjọ tó ń bójú tó àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àwọn ẹnjiníà ìwakùsà ní Nàìjíríà, kí ẹnjiníà tó máa lò ó sì jẹ́ ti COREN, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹnjiníà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọ́n máa fún yín ní fáìlì tí ẹ̀rọ kọ látojú iṣẹ́, kì í ṣe àwòrán nìkan, kí ẹlòmíì lè ṣírò ẹ̀ wò tí iyèméjì bá wà. Nísinsìnyí, iṣẹ́ lébìrà ló kàn: tí wọ́n bá ti gbẹ́ abẹ́ bíìmù yẹn, kí àbúrò yín gbé tépù ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ orí páìlì, kó ya fọ́tò ẹ̀ kí rọ́ọ̀dù náà hàn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni.